Ọjọ́ Tí A Fi Ìbò Kọ Aṣọ Rọ́bà

Ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lónìí kọ́kọ́ mọ ìyẹn, torí àwọn kan wà ní Kwali níbí tí wọ́n ń sọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì wa bí ẹni pé àwọn ló ṣáájú. Irọ́ ni. Ilé ni wọ́n wà. Èmi ni mo dúró níwájú géètì. Èmi ni ọlọ́pàá bi pé ta ni olórí níbí, tí mo dá a lóhùn pé, "Èmi ni, kí ló dé?" Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò tilẹ̀ kà á tán dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí lọ́yà tó lè sọ̀rọ̀ kí òṣìṣẹ́ dákẹ́ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tèmi nígbà náà. Èmi ni olórí yúníọ̀nù wa. Alága ni àwọn Yorùbá ń pè mí. Shugaba ni àwọn Hausa.

Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí lójijì ni, tí àwọn ọlọ́kadà kò tún gbé èèyàn mọ́ ní iye tí a mọ̀. Ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́. Lójú ọ̀nà Kwali ni ilé-iṣẹ́ wa wà. Ọṣẹ olómi là ń ṣe, àti bílíìṣì, àti omi tí wọ́n ń dà sínú páìpù tó bá dí. Kọ́sítíìkì sódà ni ìyá gbogbo rẹ̀. Inú àpò ni wọ́n ń kó o wá, funfun báláú bí iyọ̀. A ó máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi nínú àgbá ńlá, a ó máa rò ó, omi náà á sì máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ bó ṣe rí. Bó bá ta sí ọ lára, kì í dùn ọ́ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ara rẹ gan-an ló ń di ọṣẹ yẹn.

Sálúbàtà la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú aṣọ tí a bá wọ̀ wá láti ilé. Àwọn mìíràn á so ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀. Máníjà wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ pé bó bá ń wá ojú rere wa nìkan ló ń sọ Yorùbá, ti ṣèlérí aṣọ ààbò lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ọdún Kérésì kò ní í bá wa láìsí aṣọ. Kérésì dé, ó kó ìbomú bébà wá, irú èyí tí gbogbo ayé wọ̀ nígbà àrùn Kòrónà. Ó ní, "Èyí dáa gan-an." Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí gbogbo rẹ̀ já.

Ìyá Ruth, tó ń fọ jáálá tí à ń rọ ọjà wa sí, ni kọ́sítíìkì jó lọ́wọ́ òsì. Máníjà ní kó lọ fomi ṣan án kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ní kí gbogbo wa jáde. A ti géètì pa. Gwari, Hausa, Yorùbá, Igala, a jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, oòrùn pa wá, òjò pa wá, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ro àgbá kìíní, Bàbá Tólú, ọmọ Kábbà, ló jókòó tì mí. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìkan kò bọ́ ilé rẹ̀. Ó ní oko iṣu ní Abaji, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń lọ kọ ebè, ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ó ní, "Alága, bí wọ́n bá lé wa, màá lọ di àgbẹ̀ pátápátá. Ìwọ ńkọ́? O ò mọ ọkọ́ dì mú." Mo ní, "Màá wá máa ṣe alága àwọn iṣu rẹ." A rẹ́rìn-ín.

Wọn kò lé wa. A borí. Máníjà jáde wá, ó ní ilé-iṣẹ́ yóò ra aṣọ, àwa fúnra wa ni yóò sì yan èyí tó bá wù wá.

Ó tẹ́ oríṣi méjì sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀kan jẹ́ rọ́bà: épírọ́ọ̀nù gígùn tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, rénbúùtù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìkejì jẹ́ ofarọ́ọ̀lù aláwọ̀ búlúù, aṣọ tó nípọn bíi jíǹsì, pẹ̀lú bàtà aláwọ olókùn bíi ti sójà. Orúkọ yúníọ̀nù wa ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Máníjà gbé ti rọ́bà sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí gbọ́, èyí ló dáa."

Bàbá Tólú ní, "Ọ̀gá, ìbomú bébà náà, ẹ ní ó dáa."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Máníjà ní, "Ìyẹn yàtọ̀."

"Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wa."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti sọ tòun.

Ìyá Ruth sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Èmi fẹ́ ti rọ́bà o. Mo fẹ́ ohun tí mo lè nù kúrò lára."

Ẹnìkan ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ lọ pa màlúù ni?" Ẹ̀rín tún sọ.

Èmi náà dìde. Mo ní alápatà ló ń wọ irú ìyẹn, mo ní rọ́bà ni wọ́n fi ń tàn wá torí pé kò wọ́n, mo ní ohun tí ọ̀gá bá ń polówó fún òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ sá fún un. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, mi ò lè purọ́. A ní kí wọ́n nawọ́. Ọwọ́ tó lọ sókè fún ofarọ́ọ̀lù kò lónkà. Fún rọ́bà, ọwọ́ Ìyá Ruth ni mo rí, èyí tí báńdéèjì wà lára rẹ̀, àti ti àwọn bíi mélòó kan tó ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, a wọ ofarọ́ọ̀lù wa lọ sínú ìlú Àbújá. A ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà, a fi okùn dì í gírígírí. Ẹ ì bá rí wa. Àwọn yúníọ̀nù ńláńlá dúró, wọ́n ń bèèrè pé ta nìwọ̀nyí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó jẹ́ jẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ wà lórí bàtà mọ́. Bí o bá ṣe é, wọn á ní o dà bí ẹni tó ń lọ sóko.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbá kìíní yẹ̀. Mo wà nítòsí, mo ń gbé àpò. Omi kọ́sítíìkì ru sókè, ó dà sí Bàbá Tólú láti àyà lọ sísàlẹ̀. Aṣọ náà mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò, ó sì dì í mọ́ ọn lára. Èyí tó kù ṣàn gba inú ṣòkòtò wọnú bàtà, ó dúró síbẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Alága, kò dùn mí. Ó kàn ń yọ̀ ni."

Mo pariwo omi. Omi ẹ̀rọ kò yọ. Dúrọ́ọ̀mù ṣófo, torí pé mai-ruwa, àwọn tó ń ti omi wá nínú ọmọlanke, kò tíì dé. Nígbà tí a jókòó ní géètì, aṣọ ni a bèèrè. Kò sí ẹnìkankan nínú wa tó bèèrè omi. Ọ̀bẹ tí a fi ń la àpò ni mo fi gé okùn bàtà náà. Nígbà tí mo fi máa bọ́ ọ, ó ti ń ké. Mi ò ní í sọ ohun tó bá ìbọ̀sẹ̀ jáde.

Mo lọ bá máníjà ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yan aṣọ yín. Mo sọ fún yín níwájú gbogbo ènìyàn." Mo yíjú, mo jáde. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ fi kọ̀ láti tọ́jú Bàbá Tólú, òun náà ni wọ́n sì ń sọ títí dòní.

Mo tún pe ìyanṣẹ́lódì. Mo dúró ní géètì láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé. Ẹnìkan kí mi pé, "Sànnu, Shugaba," kò dúró. Ìyá Ruth ló kọjá kẹ́yìn. Ó ní, "Alága, ẹ máa lọ sílé. Oòrùn ti ń mú." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà, yúníọ̀nù sì tú ká.

Àwọn ènìyàn ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irọ́ tí a ti gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn, kó wá sọ fún mi pé rọ́bà lòun ì bá yàn. Máníjà mọ ìdí tí rọ́bà fi dáa. Kò sọ ọ́. Ìyẹn ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní í san án. Àwa náà mọ bí a ṣe ń ti géètì pa, a ò mọ bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa aṣọ: bí nǹkan yìí bá dà sí mi lára, ibo ló máa gbà lọ? Ẹ máa bèèrè rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa rí ẹni dá yín lóhùn. Ofarọ́ọ̀lù búlúù yẹn ni wọ́n ṣì ń wọ̀ níbẹ̀. Mai-ruwa ni wọ́n ṣì ń retí.

Ohun tó lọ nìyí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Tólú, láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, gbogbo wọn. Oko iṣu kan ní Abaji. Iṣẹ́ mi. Yúníọ̀nù kan.