Àpò Agolo Lorna Veldhuis

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí kálámù mi gbẹ. Èmi tí mo fi ara ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Michigan tó ṣókùnkùn sí mi.

Lorna Veldhuis, opó awakọ̀ tírélà, ni ẹnu rẹ̀ mú jù lọ ní ìlú wa létí odò St. Joseph. Gbogbo Sátidé ló ń gbé tábìlì sí ilé ìtajà, lẹ́nu yàrá tí ẹ̀rọ ti ń gba agolo òfìfo, tó sì ń dá sẹ́ńtì mẹ́wàá tí a san lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí a rà á padà. Òfin owó orí agolo yìí kò ka ìgò omi mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìgò omi fi kún etí odò bí ewé gbígbẹ, tí o kò sì ní rí agolo kan níbẹ̀. Lorna ń gba ìbuwọ́lù kí wọ́n fi ìgò omi kún òfin náà.

Duane Pruitt, alábòójútó ilé ìtajà, ló ta kú. Bí ó bá buwọ́ lù ú, ìdajì ìlú á tẹ̀ lé e.

“Ìyáàfin Veldhuis, ará Indiana lẹ ń ṣiṣẹ́ fún,” ló máa ń wí. “Wọn kì í san owó orí agolo lọ́hùn-ún. Tiwọn ni wọ́n á máa kó wá fi gba owó wa.”

“Olè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Duane. Mú irú olè bẹ́ẹ̀ kan wá, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn yìí.”

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Lorna lọ kí Carol, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Indiana, ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà. Ó rí agolo nínú pàǹtí wọn, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ọwọ́ ará Michigan kì í lè ju agolo nù. Bí ẹni da oúnjẹ sílẹ̀ ni. Ó ṣà wọ́n, ó ṣàn wọ́n, ó gbé wọn délé, ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì gbàgbé.

Sátidé dé, èrò kún yàrá, ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Lorna gbé àpò agolo rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n wá wo bí ó ti rọrùn tó láti gba owó orí rẹ̀. Ẹ̀rọ gbé agolo kìíní mì. Ó tu èkejì jáde sílẹ̀. Ó tu ẹ̀kẹta. Bó bá ti ń tu ú ló ń han, tí ajá òdìkejì odò fi ń dá a lóhùn.

“Lorna,” ni Bernice Tolan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí jẹ́jẹ́, “níbo lo ti rí agolo yìí?”

“Ilé Carol ni.” Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí ibi tí ilé Carol wà.

Ẹnì kan ní, “Ilẹ̀kùn ń dúró de orúkọ o.”

Ẹ̀rín sọ. Etí Lorna gbóná bí ààrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa agolo nílẹ̀, kò jẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó máa ṣẹ́jú, Duane ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a ṣà á.

“Inú pàǹtí lẹ ti rí wọn, àbí?”

“Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbàgbé pé kì í ṣe tiwa.”

Duane dìde, ó ní kí Bernice fún òun ní bírò. “Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló dé yìí, ẹ̀rọ sì mọ̀ pé agolo Indiana ni, kò gbà á. Kí ni mo tún ń bẹ̀rù?” Ó buwọ́ lu ìwé Lorna. Èrò tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí Lorna ti ń wá látọjọ́ yìí ló rí gbà, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè wò ó. Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ títí èrò fi tán ní yàrá náà. Láti ọjọ́ náà, kò pe ẹnikẹ́ni lólè mọ́.

Bernice Tolan ṣì wà láyé, ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé ló ń gbé. Ẹ bi í, ṣùgbọ́n kí Lorna má sí nítòsí.