Imí Ọjọ́ Tí Mo Rí Nínú Gíráfáìtì Àlàájì

Lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì, ọwọ́ mi kì í mọ́. Kódà bí mo bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dúdú á ṣì kù lábẹ́ èékánná. Gíráfáìtì ni, òkúta dúdú tó ń dán, tí wọ́n ń lọ̀ sínú pẹ́ńsù àti bátìrì. Àlàájì kan tó wá láti Ògùn ló ń rà á lókè Ọya, tó ń kó o sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Igbó-Elérin. Torí pé mo ka kẹ́mísìrì ló ṣe gbà mí síṣẹ́, ó sì ń fi mí yangàn káàkiri àdúgbò: "Sáyẹ́ntíìsì mi rèé!" Èmi náà sì gbà á gbọ́.

Ọjà ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ṣọ́ọ̀bù ń múra àtikógbá sílé, nígbà tí oníbàárà kan pè. Bátìrì ni wọ́n ń ṣe. Ó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀, àmọ́ ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe mọ́ tó, àti bóyá imí ọjọ́ wà níbẹ̀, torí imí ọjọ́ a máa ba bátìrì jẹ́. Àlàájì yíjú sí mi.

"Ìyá mi, ṣé o lè yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ilé àyẹ̀wò ló yẹ ká gbé e lọ. Àmọ́ mo ní, "Kékeré nìyẹn, Àlàájì."

Mo ṣáà rántí pé bí imí ọjọ́ bá ń jó, òórùn rẹ̀ a máa ta síni nímú. Mo bu gíráfáìtì sínú agolo, mo gbé e sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ṣáná sí i. Kò jó. Gíráfáìtì kì í jó bọ̀rọ̀, inú ìwé kan náà ni mo ti kà á, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ n rántí. Mo ń ṣáná ṣáá títí páálí ìṣáná méjì fi tán. Òórùn gba imú mi, mo wúkọ́, omi bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn gan-an. Ìyá aránṣọ tó múlé gbè wá pariwo láti ojú fèrèsé: "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé Sódómù lẹ ń sun ni?"

Mo wọlé bí adájọ́. "Àlàájì, imí ọjọ́ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́."

Ojú Àlàájì rẹ̀wẹ̀sì. Mo rò pé wọ́n á ní kí n panu mọ́. Fóònù ni wọ́n gbé. "Ọ̀gá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọmọ mi ní imí ọjọ́ wà níbẹ̀." Ó ya oníbàárà náà lẹ́nu. Ó ní òun ò rí ọlọ́jà tó ń bú ọjà ara rẹ̀ rí, ló bá fúnra rẹ̀ wá bu díẹ̀ lọ sílé àyẹ̀wò.

Èsì dé lọ́sẹ̀ kejì. Imí ọjọ́ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ti orí ìṣáná ni mo ń gbóòórùn lọ́jọ́ yẹn. Yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, èyí tí mi ò tilẹ̀ yẹ̀ wò. Kò mọ́ tó fún bátìrì, àmọ́ oníbàárà náà júwe wa fún àwọn tó ń yọ́ irin lọ́nà Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí yanrìn ò dí lọ́wọ́. Àwọn ló kó o tán.

Mo sunkún. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "A ní kó o wá olè, onílé lo lọ dì mú, olè jókòó tì ẹ́, ó ń wò ẹ́!" Wọn ò lé mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi náà ti ń wo ẹ̀yìn báyìí, àṣìṣe yẹn sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, mo máa ń rántí ìpè yẹn. Ọ̀rọ̀ tí Àlàájì sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà kì í ṣe òótọ́, àmọ́ olóòótọ́ ló sọ ọ́.