Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ilé kan ṣoṣo ni mo ní, yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láàárín Ọgbà àti Agége. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé odindi àdúgbò ni mo ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Èmi ni mo jókòó ti bíríkìlà àti káfíńtà títí mo fi mọ páànù tó ń tètè dípẹtà yàtọ̀ sí èyí tó ń pẹ́.

Nínú gbogbo ewu tó wà nínú ilé rírẹ́ǹtì, gbájúẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, àwọn tó ń ta ilé onílé fún ẹni tí kò fura. Nígbà tí ọ̀kan nínú yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ṣófo, mo sọ fún ara mi pé ilé tó ṣófo ni wọ́n ń wá. Mo ra ọ̀dà pupa, irú tí wọ́n fi ń kun géètì, torí òjò kì í fọ̀ ọ́ dànù. Mo ta okùn, mo fi ẹfun fa ìlà kí lẹ́tà má bàa wọ́, mo sì kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀.

Ìyá tó ń gbé lókè ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn láìwọ bàtà. Wọ́n dúró, wọ́n kà á.

“Lánlọ́ọ̀dù, ó mà hàn o. Ẹni tó bá wà nínú bàlúù tó fẹ́ balẹ̀ n’Ìkẹjà á rí i kà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, ẹni tó ń wá ilé kì í kọjá géètì. Wọ́n á dé, wọ́n á ka ìkọ̀wé náà, wọ́n á rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná. Owó ilé yẹn ni mo sì fẹ́ fi pààrọ̀ páànù tó ń jò sí yàrá Ìyá kí òjò tó dé. Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé bí àwọn bá tún gbé bááfù sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún yìí, àwọn á kó lọ. Yàrá-àti-pálọ̀ méjì ni ì bá ṣófo.

Éjẹ́ǹtì tó ń bá mi wá ayálégbé ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ta ló máa ka nǹkan yẹn tí kò ní rò pé ẹbí ń jà lórí ilé náà ni?”

“Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà.”

“Ẹ kọ ìyẹn náà kún un.”

Mo ra ọ̀dà funfun láti fi pa á rẹ́. Bí mo ṣe ń po ọ̀dà náà, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village dúró, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ni wọ́n ń wá. Ó kà á tán.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa á rẹ́.”

Ó ní lánlọ́ọ̀dù àwọn ta ilé mọ́ àwọn lórí. Ẹni tó rà á wá fi téèpù wọn kíṣìnnì nígbà tí ìyàwó òun ń dín dòdò.

“Ó ní kí n yí i kó má jó,” ni ìyàwó wí, “kí n wá máa palẹ̀ ẹrù mọ́.”

Ọkọ rẹ̀ ní lánlọ́ọ̀dù tó lè búra sára ògiri báyìí ni àwọn ń wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sọ́kàwéè àti oríṣi páànù.

“A ti gbà, sà,” ni ìyàwó wí. “Ẹ fi ilé hàn wá.”

Wọ́n san owó ọdún kan, pẹ̀lú àdéhùn pé bí òjò bá mú ìkọ̀wé náà ṣá, èmi ni n óò tún un kùn. A pààrọ̀ páànù kí òjò tó dé.

Ìyá yọjú láti fèrèsé. “Ọ̀dà funfun yẹn ńkọ́?”

“Ìyá, mo fẹ́ fi kun yàrá yín.”

Wọ́n rò ó díẹ̀. “Ó dáa. Àmọ́ ẹ má kọ nǹkan kan sí i o.”