Wáyà Funfun Méjì

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà rédíò pọ̀ àti òórùn tùràrí kì í sábà bára wọn gbé, ṣùgbọ́n nígbà náà lọ́hùn-ún, ara mi ni àwọn méjèèjì fi ṣe ilé. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ìyànà Ìbà, níbi tí ariwo àwọn agbèrò ti máa ń bo ohùn rédíò tí mo bá tún ṣe mọ́lẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, màá wọ sùtánà mi, màá sì fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkòkòmáìkò. Bí mo bá sì lọ ra ohun èlò ní Alábà, tí mo gba ẹ̀gbẹ́ Alábà Ràgò tí wọ́n ti ń ta ẹran kọjá, òórùn àgbò á tún dá tirẹ̀ sí i. Ìyá mi a máa ní imú nìkan tó òun láti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. O mọ̀ pé obìnrin tó ń jó lẹ́ẹ̀dì kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Oníbàárà á gbé rédíò rẹ̀ dání, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní ọ̀gá ńkọ́. Màá ní òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mìíràn á rọra gbé rédíò wọn padà. Onígìtá ìjọ wa ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò béèrè ọ̀gá lọ́wọ́ mi. Ó gbé gìtá rẹ̀ lé tábìlì, ó fi ibi tí wáyà ti já hàn mí, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ó ń wò mí títí mo fi jó o tán. Èmi náà kì í ṣe igi. Ìfẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì yẹn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òbí wa fi mọ ara wọn, tí a sì ń dúró de ìgbà tí wọn yóò dá ọjọ́ fún wa.

Ohun tó ń fẹ́ ni kí gìtá rẹ̀ máa sunkún. Ó ti gbọ́ ọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ará òkè òkun, níbi tí okùn kan ṣoṣo á ti máa dún gbọnrangandan, tí ohùn rẹ̀ á kẹ̀ díẹ̀, tí kò sì ní tètè kú. Àpótí tó ń ṣe é kò sí ní ọjà wa. Mo wá tú ikùn àwọn rédíò tó ti kú, mo yọ tiransísítọ̀ méjì níbẹ̀, mo dán èyí wò, mo dán tọ̀hún wò, títí ohùn náà fi jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì pẹlẹbẹ kan, mo fi tépù wé e, mo sì fi súwíìṣì sórí rẹ̀ tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Wáyà méjì jáde láti ìdí rẹ̀ lọ síbi òkúta tọ́ọ̀ṣì tí mo tò sínú páálí, pupa fún orí òkúta, dúdú fún ìdí rẹ̀. Bí a ti ń kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi náà sì ṣe kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n gbìyànjú láti fi ojú àwọn ará ìjọ wò ó. Nínú ìjọ aláṣọ funfun, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé, a kì í sì í wọ pupa tàbí dúdú. Wọ́n wá rí ọkùnrin kan tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ agolo tí wọ́n wé pa, kí ó tó gbé e kúrò, gìtá ti ń ké. Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò? Àwọn akọrin tó máa ń dúró tì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún ẹsẹ̀. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Obìnrin kan ríran pé òun rí nǹkan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, kò dárúkọ, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó bá wa jà. Wọ́n kàn ń kí wa bíi ti tẹ́lẹ̀, ìkíni náà sì ń kúrú sí i.

Nígbà tó yá, Bàbá tó ń darí akọrin pè wá lẹ́yìn ìsìn. Àgbà jẹ́jẹ́ ni wọ́n, eyín iwájú wọn ti lọ tán, wọn kì í sì í pariwo. Wọ́n ní kí a jọ̀ọ́, kí a bá wọn ṣí agolo náà kí ọkàn ìjọ lè balẹ̀. Mo tú u lójú wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n sì rọra fà sẹ́yìn.

Wọ́n ní, “Pupa àti dúdú.”

Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n wá ní, “Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ilé Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ funfun.” Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé ikùn ampílífáyà ìjọ kún fún pupa àti dúdú fọ́fọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, kí wọ́n má baà ní kí n tú ìyẹn náà.

Bí mo ṣe lọ fi wáyà funfun rọ́pò gbogbo wọn nìyẹn. Mo jẹ́ kí ọ̀kan nínú méjì tó lọ síbi òkúta gùn ju èkejì lọ, mo sì fi han onígìtá dáadáa pé èyí tó gùn ni ti orí òkúta. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i, àlàáfíà sì dé fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè ni ó bàjẹ́. Àwọn àlejò ti Ọ̀tọ̀-Àwórì wá, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ gba gbogbo inú ilé. Onígìtá ti pààrọ̀ òkúta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí orin dé ibi tí gìtá máa ń dá ké, ó tẹ agolo náà, gìtá sì dákẹ́ lọ gbári. Òórùn nǹkan tó ń jó rú jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, pàbó. Láti apá àwọn obìnrin, ẹnì kan ké halelúyà, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní agbára ti pàdé agbára. Ìtìjú bò mí débi pé mo ń wo ilẹ̀ títí ìsìn fi parí.

Bàbá tó ń darí akọrin ni mo fura sí. Mo ti rí wọn láàárọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí àwọn ohun èlò orin, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n èmi tí n kò tíì dàgbà mu oògùn náà ní àmujù. Ẹni méjì kò lè dúró sọ̀rọ̀ kí n má rò pé orúkọ mi ló wà lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ohun tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, onígìtá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Kí lo fi sínú agolo yẹn?”

Mo rò pé ó fẹ́ mọ ohun tó jó ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun èlò fún un. Ó mi orí. “Ìyẹn kọ́ ni mò ń bi ẹ́.”

Ó lọ. Ẹni tó jókòó tì mí nígbà tí mò ń jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, ló ń bi mí ní ìbéèrè aríran.

Mo lọ gba agolo náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Imọ̀ ọ̀pẹ ni Bàbá fi gbé e fún mi, kí ọwọ́ wọn má baà kàn án. Nígbà tí mo tú u ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ohun roboto tó máa ń gba iná pamọ́ ti wú, tiransísítọ̀ méjèèjì sì ti kú. Iná ti gba ẹ̀yìn wọlé. Mo tọ wáyà méjèèjì dé ìparí wọn. Èyí tí mo jẹ́ kó gùn ti wá di kúkúrú, ojú eyín sì wà lára awọ rẹ̀ kedere. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Eyín wo ni Bàbá yóò fi bó wáyà? Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń feyín bó wáyà ní ìjọ wa, onígìtá ni, mo sì ti bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Bó ti ń bó ibi tí ìpẹtà ti jẹ, tó ń gé e dànù, ló sọ gígùn di kúkúrú. Ó wá mú èyí tó gùn lójú rẹ̀, ó fi kan orí òkúta. Bí pupa bá wà níbẹ̀ ni, kì bá ti ṣì í.

Mo ránṣẹ́ pè é, mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Funfun ni méjèèjì.” N kò bínú sí ìyẹn, òótọ́ ni. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kó dìde lásìkò ẹ̀rí lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sọ pé àṣìṣe ọwọ́ òun ni, kí orúkọ mi lè mọ́. Ó fọwọ́ nu ojú.

“Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń tutù,” ló wí. “Má jẹ́ ká tún tú u síta.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Àsìkò ẹ̀rí dé. Ẹnì kan dúpẹ́ fún ọmọ tuntun, ẹlòmíràn dúpẹ́ fún iṣẹ́. Onígìtá ń rọra ta okùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, ohùn gìtá rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì gbójú sókè títí wọ́n fi kọrin ìparí ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a kò ní fẹ́ra. Mo sunkún rẹ̀ nílé, n kò ní purọ́, ìyá mi sì bá mi sun ún.

Ó fẹ́ ẹlòmíràn, a sì ń kí ara wa bí a bá pàdé. Àwọn ará ìjọ ti gbàgbé. Àwọn kan nínú wọn ló ń gbé rédíò wá fún mi lónìí. N kò bínú sí wọn mọ́. Ẹ̀rù ohun tí wọn kò mọ̀ ló bà wọ́n, wọn kò sì fi pa mọ́ fún mi pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ ni n kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ títí dòní. Agolo náà ṣì wà lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú wáyà funfun méjì tó jọra. N kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́ láé. Ohunkóhun tí mo bá jó láti ìgbà náà, ilé Ọlọ́run ni wọn ì báà gbé e lọ, pupa ń bẹ níbi tó yẹ kó wà, dúdú ń bẹ níbi tirẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi má baà wá bi mí pé kí ni mo fi síbẹ̀.