Ọ̀rọ̀ Tí Ìbíyẹmí Sọ ní Yàrá Àwọn Tíṣà

Ìbíyẹmí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá láti bí ọdún mẹ́rìnlélógún. Òun ni igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wọn. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, àwọn tíṣà sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ìbíyẹmí ní, "Ọ̀lẹ ni gbogbo onítẹ́tẹ́. Wọn kì í ṣe èèyàn mọ́ jàre."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olúdayọ̀, tíṣà físíìsì, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Lẹ́yìn oṣù kan, Lucy, ìyàwó Olúdayọ̀, mú lẹ́tà wá pé ọkọ òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìbíyẹmí bi í bóyá ara ọkọ rẹ̀ ò yá ni.

"Mà, tẹ́tẹ́ ló ń bá a fà á láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun ò lè jókòó láàárín yín mọ́."

Ojú ti Ìbíyẹmí gan-an.

Ní Sátidé, ó lọ sílé wọn ní Ìgàndó. Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i, ìyẹn gan-an tún dá kún ìtìjú rẹ̀.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà lára wọn."

"Kódà kó o má sí lára wọn, ọmọ ẹnì kan ṣáà ni mo ń bú."

Olúdayọ̀ ní, "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo rò pé ẹ máa bá mi wá ẹni tó lè ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé a kì í ṣe èèyàn mọ́, mo gbé e mì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà lọ ta tẹ́tẹ́."

Ìbíyẹmí ò mọ ibi tó máa wò. Olúdayọ̀ ló tún ń tù ú nínú. Ó ní òun ti ń lọ rí olùdámọ̀ràn kan ní ọsibítù, pé obìnrin náà kò pe òun lórúkọ kórúkọ rí. Ohun tó máa ń bi òun ni pé, "Báwo ni tẹ́tẹ́ ṣe yọ yín lẹ́nu sí lọ́sẹ̀ yìí?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìbíyẹmí dìde láàárín àwọn tíṣà, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa àwọn onítẹ́tẹ́ ti pa èèyàn lára. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan bi í pé, "Kí wá ni ká máa pè wọ́n, mà?"

"Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Tọ́rọ̀ bá kan tẹ́tẹ́, ẹ ní tẹ́tẹ́ ń dà á láàmú, bẹ́ ẹ ṣe máa sọ pé ibà ń ṣe èèyàn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Olúdayọ̀ ò padà wá. Ó ti ríṣẹ́ sí Ìkọ̀tún. Oṣù tó kọjá, òun àti Ìbíyẹmí pàdé ní Ìyànà Ìpájà. Ó kí i dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbíyẹmí fẹ́ bi í bí nǹkan ṣe ń lọ, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu ló ń bà á lẹ́rù. Ó kàn ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi." Olúdayọ̀ gun afárá lọ, Ìbíyẹmí ò sì lè gbójú sókè wò ó.