Ìwé Tí Mo Kọ Lọ́jọ́ Tí Ẹnu Màmá Mi Wọ́

Láti kékeré ni mo ti mọ màmá mi sí ẹni tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀. Yóò jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní Òde-Omi, yóò kọjú sí ọ̀sà, yóò sì máa fi pákò gbo èrìgì rẹ̀ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, títí itọ́ yóò fi pupa. Inú rẹ̀ á sì dùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, ó sàn kó jáde ju kó dúró sára lọ. Gbogbo àdúgbò ló gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, èmi gan-an ni mò ń ra orín ata wá fún un, èyí tó bá le jù.

Lọ́dún tó yẹ kí n ṣe àṣekágbá, àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀, mo bá wá sílé. Èrìgì màmá mi ti wú, ó ti ń ṣí kúrò lára eyín, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn ní Abigi.

"Mé è yún," ó kọ̀ jálẹ̀. "Wẹ́n á yọ gbogbo eyín mi dànù. Ṣé wo á bá mi jẹ ẹja ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Títí dòní ó ń dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò lè jẹun mọ́. Ó ní kí ebi má baà pa òun lásán, òun á kúkú fi gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Màmá mi nìyẹn, kì í fi nǹkan ṣòfò.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ àdúrà ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Aláṣọ funfun ni wá. Bí ẹ̀mí bá gbé ènìyàn, ẹnì kan ní láti kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, pẹ̀lú aago tó sọ ọ́, kí wòlíì lè túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ bí mo bá wà nílé, torí ọwọ́ mi yá. Orin kẹta la wà tí màmá mi wó lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò já gaara.

"Ẹ̀mí ti dé! Akọ̀wé dà?" ni ìjọ ń pariwo.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo wo aago, méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ń kọ. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá òsì, mo ṣì ń kọ. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, torí ẹ̀mí ò gbé e rí. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni mo kọ kó tó dákẹ́. Ìyá àgbà kan ló gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, apá náà sì já lulẹ̀ gbì.

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Makun-Omi, mọ́tò gbé wa dé Abigi. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo ka aago fún un. Ó wo aago ara ògiri, aago márùn-ún ti kọjá. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu màmá mi, ó bi mí pé láti ìgbà wo ni èrìgì yìí ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú, ó sì sábà máa ń le jù lára ẹni tí èrìgì rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Òun ò lè sọ pé èrìgì ló fà á, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú, àmì àìsàn ni.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò sunkún. Gbogbo ara mi kú, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìjẹ̀bú-Igbó, nítòsí yunifásítì mi, la ń gbé báyìí. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni mo fi ń fọ eyín fún un láàárọ̀. Èrìgì rẹ̀ ti jiná, ó dára ju tèmi lọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Wòlíì ránṣẹ́ wá gba ìwé náà kí òun lè túmọ̀ rẹ̀, mi ò fún un. Nígbà mìíràn mo máa ń kà á sí màmá mi létí, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tí mo bá dé ibì kan lójú ìwé kejì, ó máa ń mi orí. Mi ò mọ ohun tó ń sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ pé kí n gbé ìwé sílẹ̀, kí n wá gbé òun.