Ọwọ́ Ìyá Mi Nínú Àáró

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí wa ṣì ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru òjò, ṣùgbọ́n òjò kò ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí tí ọlọ́kadà á fi ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ilé ibẹ̀ kò ju bíi ogún lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ wọn sí, oko wà lókè ilé, oko wà nísàlẹ̀ ilé. Bí o bá fẹ́ pe ènìyàn lórí fóònù, àfi kí o gun àpáta kan tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni ìyá mi wà, ó sì ti lé ní ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá mi yọ̀ ṣubú létí odò, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n di apá náà tán, ó mú un lọ sílé ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá wa lò níbẹ̀. Wọ́n se ẹran fún un, wọ́n tan fáànù sí i lára, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú rẹ̀. Kò jẹun dáadáa. Ó ní ilé náà kò ní ibi tí ènìyàn lè gbójú sí, ògiri ni iwájú, ògiri ni ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ẹrù rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Ó pè mí lórí fóònù kí n lè jẹ́rìí sí ohun tó fẹ́ sọ, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ o. Mi ò lè máa sùn kí n máa rò pé ẹ ti tún ṣubú sórí òkè yẹn. Bí ẹ bá rí èèbù iṣu yín gbìn lọ́dún yìí, ẹ dúró. Bí ẹ ò bá rí i gbìn, Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta òní, n ó wá kó ẹrù yín."

Ìyá wa ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́n. Ó mọ̀ pé èèbù kì í wọlẹ̀ láìsí ebè, ta ni yóò sì fi ọwọ́ kan kọ ebè lórí òkè? Inú bí mi. Mo mọ ìyá mi. Bí wọ́n bá gbé e kúrò lórí òkè yẹn, kò ní pẹ́ láyé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, mo ní ẹnu mi kò tíì pọ̀ tó. Ìyá wa padà sí abúlé lọ́jọ́ náà. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì tẹ̀lé e.

Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í dá ebè kọ. Àáró là ń ṣe. Àwọn méje ni wọ́n wà nínú àáró ìyá mi. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí kálukú fi wo oko tirẹ̀, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Sọ́ńdè nítorí àwọn tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, bó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sán kì í bá wọn lóko. Pẹ̀lú ìyá mi, obìnrin mẹ́rin ni wọ́n, ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn ará ìlú máa ń sọ fún mi pé obìnrin kì í kọ ebè. Kí wọ́n wá wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ti lọ sí Èkó, ebè kò sì béèrè bóyá ọkùnrin lo jẹ́ kó tó jẹ́ kí o kọ òun.

Bí mo ṣe gbé báàgì mi sílẹ̀, mo ní, "Ìyá, kí ni ṣíṣe?"

Ó ní, "Fara balẹ̀. Àáró ń bọ̀."

"Àáró wo? Ọwọ́ kan lẹ ní. Oko ta lẹ bá wọn ṣe lọ́dún yìí tí wọ́n á fi wá bá yín ṣe?"

Ó wò mí. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí atẹ, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mo rò pé ó ti gbà pé òótọ́ ni mo sọ.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe náà, mo tiẹ̀ máa ń pa á fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Èmi alára ni kò wọ̀ létí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà Igbó, mo gbé alágbàṣe mẹ́rin wá. Ọmọlúàbí ni wọ́n o, wọ́n sì lágbára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n mọ̀. Ìyá mi fẹ́ tẹ̀lé wa lọ sóko, mo ní kó jókòó sílé kó sinmi apá rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi aránṣọ ṣe. Mo mú okùn, mo kan igi mọ́lẹ̀ lókè, mo kan òmíràn mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, mo fa okùn náà le, mo ní kí wọ́n to ebè tẹ̀lé e kó lè gún. Wọ́n tò ó. Ó gún. Láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, poro tó wà láàárín ebè lọ tààrà bí ojú ọ̀nà mọ́tò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi parí rẹ̀, a sì gbin èèbù sí i. Mo ya fọ́tò, mo gun àpáta, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ máa sùn dáadáa." Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin bọ̀ wálé.

Òjò dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀. Òjò ńlá ni, òjò orí òkè. Ìyá mi jókòó lórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe to ebè yẹn?" Mo ní a tò ó gún régé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ síbẹ̀. Omi ti sọ poro mi di odò. Ó ti fọ ebè bíi ìlàjì lọ, èèbù sì wà káàkiri nísàlẹ̀ òkè, òmíràn nínú ẹrẹ̀, òmíràn lábẹ́ igi kaṣú ẹlòmíràn. Lórí òkè, ebè kì í tẹ̀lé ara wọn. Ebè ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dí àlàfo tó wà láàárín ebè méjì tó wà lókè rẹ̀, kí omi máa kọlù ú, kó máa yà, kó máa rìn wálẹ̀ bí àgbàlagbà. Mo mọ èyí ní kékeré. Ogójì ọdún nídìí màṣíìnì ti fọ̀ ọ́ kúrò lórí mi.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ebè. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ti di irọ́, Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi máa wá fojú ara rẹ̀ wò ó ni mò ń rò, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

A ṣa èèbù náà títí di ọ̀sán. Ìyá mi ń fi ọwọ́ òsì nu ẹrẹ̀ kúrò lára wọn, ó ń tò wọ́n sábẹ́ ewé kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ibẹ̀ la wà tí olórí àáró fi dé. Alàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi. Ó kí ìyá mi kú ewu òjò, ó yí oko ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá dúró síwájú mi.

Ó ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la ti fi sí oko yìí. Ṣé ìyá rẹ kò sọ fún ẹ ni?"

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń nu èèbù.

Mo ní, "Wọ́n sọ pé àáró ń bọ̀, Bàbá. Èmi ni mi ò dúró."

"Ẹni tó bá ti gbé alágbàṣe kò wá àáró nìyẹn. A ti gbé ọjọ́ náà fún ẹlòmíràn."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Sátidé fún un, mo ní bí èèbù yìí kò bá wọlẹ̀, wọ́n ń gbé ìyá mi lọ. Ó gbọ́ mi dé òpin.

Ó ní, "Dìde. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún àáró, ṣíṣe là ń ṣe é. Oko mẹ́fà ló kù ká tó yí padà débí. Bí o bá lè mú ọkọ́ ìyá rẹ, máa bọ̀ ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ lo máa fi ṣe é, má mú ọwọ́ Ọ̀yọ́ wá."

Mo mú ọkọ́ náà. Èmi obìnrin ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni ohun tó wúwo jù tí mo máa ń gbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi lé ròrò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ròrò náà bẹ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ara mi gbà á. Bí mo bá na ẹ̀yìn díẹ̀, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Aránṣọ, ṣé o fẹ́ wọn ebè yẹn ni? Ẹ bá a wá téèpù." Mo ń dá a lóhùn, ẹnu mi kì í ṣe ẹnu tí ròrò ń mú. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi padà. Wọ́n ní kí n máa fa erùpẹ̀ sókè, kí n má fà á sísàlẹ̀. Wọ́n fi ibi tí omi fẹ́ gbà hàn mí, kí n fi ebè dúró dè é níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi á fi òrí pa ọwọ́ mi, á béèrè oko ẹni tí a ṣe, báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ta ló wá, ta ni kò wá. Bí mo bá ní ilẹ̀ kan le, á ní òun mọ̀, ibẹ̀ máa ń le lápá ọ̀tún.

A ṣe oko kìn-ín-ní, a ṣe èkejì, òjò dí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ìsìnkú dí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Fáráìdé, oko mẹ́rin péré la tíì ṣe. Ó ku méjì, Sátidé sì di ọ̀la. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí òfo. Mo padà sílé, mi ò lè wo ojú ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Ó ń wò mí, kò ní kí n ká a, kò ní kí n má ká a.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo gbọ́ ohùn níta. Gbogbo wọn ni. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gbé ọkọ́ lé èjìká, olórí wọn ló ṣáájú.

Mo ní, "Bàbá, oko méjì ṣì kù."

Ó ní, "Àwọn méjèèjì tó ni oko náà ló ní ká kọ́kọ́ débí. Ṣé o fẹ́ bá wọn jà ni?"

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. A dé oko, a wó ebè tó gún, a tún ilẹ̀ mú láti ìsàlẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí òkúta, ó ń yan èèbù tó bá ṣì dára, ó ń nà án sí wa. Oòrùn ti ga díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó fẹsẹ̀ gòkè wá, ó rí wa, ó dúró. Ó wo ìyá wa pẹ́. Olórí àáró kí i káàbọ̀, ó ní ọkọ́ ọwọ́ òun ti rẹ òun, ó sì nà án sí i. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà. Mo sún díẹ̀ kó lè ráyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí èèbù tó kẹ́yìn fi wọlẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, wọ́n ti ń fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo ní kó forí jì mí nítorí alágbàṣe, nítorí okùn, nítorí èèbù tó bàjẹ́.

Ó ní, "Èyíinì kò dùn mí. Ebè ni, a ti tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ tí o dé ló dùn mí. O rò pé mi ò léèyàn."

Omi ń bọ́ lójú mi, mo jẹ́ kó máa bọ́.

Ó ti kèrègbè omi sí mi pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó ní, "Dìde. Lọ bu omi fún àwọn èèyàn rẹ."